Eré Méje tí Ọmọ Wa Fi Gba Adé ní Houston

Lẹ́yìn ìròyìn ìkómọjáde àti ìgbéyàwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wa kí a sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tí tọmọdé tàgbà wa mọ̀, bí kò ṣe bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì.

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní Kàdúná níhìn-ín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, kíá ni yóò dáhùn. Ọjọ́ náà ni Rashidi Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé àwọn ará Bulgaria ní ìlú Dallas, tí ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ góòlù fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Àgbáyé, tí ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n tí ó ń ké sí Ọlọ́run. Góòlù 3 sí òdo ni a fi na Bulgaria ní ọjọ́ náà. Kàdúná níhìn-ín ni a gbé bí Yẹkínì ní ọdún 1963. Ará Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ àwa ará ìdálẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 22, ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, ní ìlú Houston tí kò ju nǹkan bí máìlì 240 sí Dallas lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa wo wá lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ Yorùbá mìíràn, tí a bí ní ọdún 1963 bákan náà, gba adé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó ga jù lọ láyé. Orúkọ rẹ̀ ni Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó. Ìlù Yẹkínì ti bo ìlù rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí wa ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wa wí, nítorí inú wa dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a lu ìlù kejì náà fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n gbọ́. Ọmọdé ni àwa tí a ń kọ̀wé yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n àwòrán eré méjèèje wà, a sì ti wò wọ́n tán, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

BÍ A TI Ń GBÁ A

Fún àwọn tí kò mọ eré náà, àwọn márùn-ún ni ó ń dojú kọ àwọn márùn-ún. Òrùka irin kan wà ní ìpẹ̀kun pápá méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ bàtà 10 ga sí ilẹ̀, àwọ̀n sì rọ̀ mọ́ ọn bí apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti já. Ẹni tí ó bá ju bọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀ láti ìtòsí gba ayò 2. Ẹni tí ó bá jù ú wọlé láti ẹ̀yìn ìlà ọ̀nà jíjìn gba ayò 3. Èyí tí a bá jù ní ìdúró nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹgbẹ́ kejì dá jẹ́ ayò 1. Ìṣẹ́jú 48 ni eré kan, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin.

Nínú ìdíje àṣekágbá, eré kan ṣoṣo kì í parí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí nígbà mẹ́rin nínú eré méje ni ó gba ife. Ní ọdún 1994, ẹgbẹ́ Rockets ti Houston àti ẹgbẹ́ Knicks ti New York ni ó kù. Ìlú Houston ni wọ́n ti gbá eré kìíní, ìkejì, ìkẹfà àti ìkeje. Ìlú New York ni wọ́n ti gbá mẹ́ta tí ó wà láàárín. Ohun tí ó fún Houston ní àǹfààní yìí ni pé nínú eré 82 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní sáà náà, Houston borí nínú 58, New York sì borí nínú 57. Eré kan péré ni ó pinnu ilé ẹni tí a ó ti já a bí ó bá di ọjọ́ ìkẹyìn.

ÀLEJÒ MÉJÌ

Òpó àárín ẹgbẹ́ Houston ni Ọlájùwọ́n. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà ní Èkó. Nígbà èwe rẹ̀, aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, ó sì tún ń gbá háńdíbọ́ọ̀lù. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kí ó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Ní ọdún 1980 ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yunifásítì Houston. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù ń ṣa àwọn ọmọ tuntun, òun ni a kọ́kọ́ mú ṣáájú gbogbo wọn, ẹgbẹ́ Rockets ti ìlú kan náà ni ó sì mú un.

Òpó àárín ẹgbẹ́ New York ni Patrick Ewing. Òun náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìbí. Kingston ní Jàmáíkà ni a gbé bí i ní ọdún 1962, ọmọdé ni nígbà tí ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, àlejò méjì ni ìlú ńlá méjì gbé ìrètí wọn lé lórí ní ọdún náà. Àwa tí a mọ bí ó ti ń rí láti jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú, a mọ̀ pé ìrètí onílé wúwo lórí àlejò. Bí ó bá ṣe dáadáa, wọn yóò ní ọmọ wa ni. Bí ó bá kùnà, wọn yóò rántí ibi tí ó ti wá.

Àwọn méjèèjì ti pàdé rí. Ní ọdún 1984, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní yunifásítì, Georgetown ti Ewing na Houston ti Ọlájùwọ́n ní ayò 84 sí 75 nínú àṣekágbá àwọn yunifásítì. Ní ọdún 1986, Ọlájùwọ́n tún dé àṣekágbá àwọn ẹgbẹ́ ńlá, Boston sì na ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1992, ìjà dé láàárín òun àti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, wọ́n ní ó lè gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Òun náà bínú, ó ní kí wọ́n tà òun sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò tà á, ìjà náà sì rọlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti kó ẹrù rẹ̀ ní ọdún náà, a kì bá tí ní ìtàn tí a ń sọ yìí. Àwọn àgbà ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Kí wọ́n tó dé àṣekágbá pàápàá, ojú wọn rí nǹkan. Nígbà tí wọ́n pàdé Phoenix, wọ́n pàdánù eré méjì àkọ́kọ́ nínú ilé ara wọn. Nínú ìkejì, wọ́n ti fi ayò 20 ṣáájú ní ìpín ìkẹyìn kí wọ́n tó jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìròyìn ìlú wọn fi wọ́n ṣẹ̀sín pé nígbà tí òkèlè bá dé ọ̀nà ọ̀fun ni ó máa ń há wọn. Wọ́n rọ́jú, wọ́n sì borí Phoenix ní eré 4 sí 3. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n borí Utah ní 4 sí 1.

ERÉ MÉJE

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni wọ́n gbá eré kìíní. Houston borí ní 85 sí 78. Ọlájùwọ́n jẹ ayò 28, Ewing jẹ 23. Ní ọjọ́ 10, New York gba ẹ̀san nínú ilé Houston, 91 sí 83. Àǹfààní ilé ti lọ. Ọ̀rọ̀ wá di kí àlejò lọ jà ní New York nígbà mẹ́ta léra wọn, nínú gbọ̀ngàn Madison Square Garden, níbi tí ariwo kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Eré kẹta, ọjọ́ 12, ni àwa fẹ́ràn jù. Ó ku nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, New York ń fi ayò 2 ṣáájú, 88 sí 86. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Ọlájùwọ́n, àwọn ará New York sì ṣù bò ó, nítorí wọ́n mọ̀ pé òun ni yóò jù ú. Kò jù ú. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Sam Cassell, ọmọ tuntun tí sáà náà jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ó sì jù ú sí i. Cassell dúró sí ẹ̀yìn ìlà, ó fi ayò 3 wọlé, Houston bọ́ síwájú. Ọmọ yìí kan náà ni ó jẹ ayò 7 tí Houston jẹ kẹ́yìn, eré sì parí sí 93 sí 89. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa, ẹ bá wa wò ó. Olórí gbogbo wọn ni ó di bọ́ọ̀lù mú ní àkókò tí ó le jù lọ, ó sì gbé e fún ọmọdé nítorí pé ọmọdé náà ni àyè ṣí sílẹ̀ fún. Ó ju olórí kan lọ tí kò lè ṣe é.

Ní ọjọ́ 15, Ọlájùwọ́n jẹ ayò 32, Ewing jẹ 16, síbẹ̀ New York borí ní 91 sí 82. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ọjọ́ 17, New York tún borí ní 91 sí 84. Ewing jẹ ayò 25 ní alẹ́ náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù Houston dànù lójú ọ̀run nígbà 8. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọlọ́pàá ń lé ọkọ̀ tí O. J. Simpson wà nínú rẹ̀ kiri ní California, tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán NBC fi pín ojú àwòrán sí méjì, tí àwọn ènìyàn ń wo ọkọ̀ ní apá kan àti bọ́ọ̀lù ní apá kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, New York ti borí nígbà 3, Houston nígbà 2. Eré kan ṣoṣo ni ó kù kí New York gba ife tí wọn kò rí gbà láti ọdún 1973.

Wọ́n padà sí Houston. Ọjọ́ 19 ni eré kẹfà. Jagunjagun kan wà ní New York tí ń jẹ́ John Starks. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó ṣà á nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ tuntun, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oúnjẹ rí kí ó tó rí ọ̀nà dé ibi tí ó dé. Ní alẹ́ náà, iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ ayò 27, 16 nínú rẹ̀ ní ìpín ìkẹyìn nìkan. Houston ní 86, New York ní 84, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ni ó kù. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Starks ní ẹ̀yìn ìlà ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá wọlé, ayò 3 ni, 87 sí 86, ìdíje ti parí, ife ti di ti New York. Gbogbo ènìyàn dìde. Starks fò sókè, ó jù ú.

Ọlájùwọ́n kọ́ ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ Starks; Ewing ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi Ewing sílẹ̀, ó sáré jáde, ó na ọwọ́ gbọọrọ, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà bí ó ti ń kúrò lọ́wọ́ Starks. Bọ́ọ̀lù náà já sílẹ̀ kí ó tó dé òrùka. Àkókò tán. Ayò 30 ni Ọlájùwọ́n jẹ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó orí ìka yẹn. Ẹni tí ó bá sì ti rí aṣọ́lé rí ní pápá Èkó tàbí ti Kàdúná, tí ó fi ibi tí ó dúró sí sílẹ̀ kí ó tó ku ẹyọ kan, yóò mọ ibi tí a ti kọ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kó láti ilé ni ó fi gba ìlú onílùú là.

Eré keje, ọjọ́ 22. Houston 90, New York 84. Ọlájùwọ́n jẹ ayò 25, ó gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà nígbà 10, ó sì gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà 7 tí wọ́n fi jẹ ayò. Vernon Maxwell jẹ ayò 21, ọmọ tuntun nì, Cassell, jẹ 13. Ní apá kejì, Starks ju bọ́ọ̀lù nígbà 18, 2 péré ni ó wọlé. Nínú 11 tí ó jù láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan kò wọlé. Pat Riley, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fi í sílẹ̀ lórí pápá títí. Títí di òní ni àwọn olólùfẹ́ New York ń jà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni à ń bàjẹ́, ojoojúmọ́ ni ojú ń ti ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, àwọn tí ń bú Starks ti gbàgbé pé láìsí òun, eré keje kò ní ohun tí a ń dù nínú rẹ̀, nítorí òun ni ó gbé wọn dé ibi tí orí ìka kan fi kù kí wọ́n gba ife.

ÌṢIRÒ AKỌ̀WÉ

Iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ni iṣẹ́ wa. Bí a kò bá ro ìṣirò pọ̀ ní ìparí oṣù, oorun kì í kùn wá. Nítorí náà a ro ayò eré méjèèje pọ̀. Houston jẹ 603. New York jẹ 608. Ẹ kò ṣi í kà. Ẹgbẹ́ tí ó pàdánù ife ni ó fi ayò 5 pọ̀ ju ẹgbẹ́ tí ó gbà á lọ.

Kí ló fà á? New York borí nígbà 3, pẹ̀lú àlékún ayò 8, 9 àti 7, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Houston borí nígbà 4, pẹ̀lú àlékún ayò 7, 4, 2 àti 6, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19. Èyí fi hàn pé nígbà tí Houston ṣubú, ó ṣubú dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá sún mọ́ra, tí ó ku fẹ́ẹ́, Houston ni ó ń dúró. Nínú eré méjèèje, kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó jẹ ayò 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjà àwọn tí ń dínà ni, kì í ṣe ti àwọn tí ń ṣe fáàrí. Àwọn kan ní eré náà kò dùn wò nítorí èyí. Àwa kò gbà. Ẹni tí ó bá mọ iyì owó tí a fi òógùn rí yóò mọ iyì ayò tí a jẹ ní ọdún náà.

A tún kọ ti òpó méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti eré kìíní dé ìkeje. Ọlájùwọ́n: 28, 25, 21, 32, 27, 30, 25, àpapọ̀ 188. Ewing: 23, 16, 18, 16, 25, 17, 17, àpapọ̀ 132. Kò sí eré kan tí Ewing ti jẹ ayò ju ọmọ wa lọ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé òtítọ́ nítorí pé ọmọ wa ni: nígbà 30 ni Ewing gbá bọ́ọ̀lù Houston dànù nínú eré méje náà, kò sì sí ẹni tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àṣekágbá títí di ọdún náà. Alágbára ni Ọlájùwọ́n pàdé, òun pẹ̀lú ni ó borí.

Ní sáà yìí kan náà ni wọ́n yan Ọlájùwọ́n ní ẹni tí ó dára jù lọ nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù, ní ẹni tí ó mọ ọ̀nà dí jù lọ, àti ní ẹni tí ó dára jù lọ nínú àṣekágbá. Òun nìkan ni ó tíì kó oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú sáà kan.

ÀWỌN TÍ Ń JIYÀN

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan tí ó mọ eré náà máa ń dá wa lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, Michael Jordan kò sí níbẹ̀ ni.” Òtítọ́ ni pé Jordan ti Chicago fi eré náà sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1993. Ṣùgbọ́n ó padà ní oṣù kẹta ọdún 1995. Ní ọdún náà, Orlando ni ó lé Chicago jáde nínú ìdíje, pẹ̀lú Jordan nínú wọn. Ta ni ó wá pàdé Orlando ní àṣekágbá? Houston ni. Eré 4 sí òdo ni Houston fi nà wọ́n, ní sáà tí ó jẹ́ pé ipò kẹfà péré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní ìhà tiwọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún jiyàn lẹ́yìn èyí, kí ó wá sí ilé wa pẹ̀lú obì.

TIWA NI TÀBÍ TIWỌN?

Àríyànjiyàn kejì ni ó kàn wá jù. Àwọn bàbá wa kan ní, kí ni a ń yọ̀ sí? Ọlájùwọ́n di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nípa ìwé ní ọdún 1993, ọdún kan kí ó tó gba ife yìí. Ní ọdún 1996, nínú ìdíje Olympic ní Atlanta, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń gba wúrà nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, Amẹ́ríkà ni òun gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún, tí ó sì gba wúrà tirẹ̀. Ṣé ọmọ wa nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé pé wúrà náà kò wá sí ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ wo ara wa kí a tó dá ẹjọ́. Àwa náà ń san owó orí níhìn-ín. A kọ́ ilé níhìn-ín. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga ládùúgbò, a máa ń dáwó. Àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé ìlú yìí, bí wọ́n bá sì borí, inú àwọn onílùú àti àwa a jọ dùn. Ṣé a ti tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí kò ní ilé mọ́? Bí Yẹkínì tí a bí ní Kàdúná, tí ó gbọ́ Haúsá kí ó tó mọ ọ̀nà Ìrá, bá jẹ́ ọmọ Ìrá títí wọ́n fi sin ín síbẹ̀ ní ọdún 2012, kò sí ìdí tí Ọlájùwọ́n kò fi ní jẹ́ ọmọ Èkó. Ẹni tí ó jẹ gbèsè fún ìlú tí ó gbà á, tí ó sì san án, kò ja ilé rẹ̀ lólè. Ọdún mẹ́wàá ni Ọlájùwọ́n fi san ti Houston, ife tí ó sì gbà fún wọn ni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Rockets gbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí ó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, èyí náà ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, “Akeem” ni àwọn òyìnbó ń kọ, wọ́n gé lẹ́tà iwájú sọnù, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1991, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó ní kí wọ́n dá lẹ́tà náà padà. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò yí orúkọ padà, òun ń tún un ṣe ni. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ orúkọ sára ẹrù mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó bá yẹ̀ lè mú kí àpò ẹni sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin tí kò ní olúwa rẹ̀. Bí ó ti rí fún ẹrù ni ó rí fún ọmọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wo ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ yín. Ẹ wo bí wọ́n ti kọ orúkọ tí ẹ fi kó wọn jáde. Bí ó bá ti gé kúrú, bí ó bá ti di orúkọ tí ẹnikẹ́ni nílé kò lè mọ̀, ẹ fi sùúrù lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ náà ní èdè Yorùbá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kò ní mọ ilé tí a wò.

Ní ọdún 2008, wọ́n kọ orúkọ àwọn akọni tuntun sínú ilé ìrántí àwọn àgbà bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lára àwọn tí wọ́n kọ pa pọ̀ ní ọdún kan náà ni Hakeem Ọlájùwọ́n, Patrick Ewing, àti Pat Riley tí ó kọ́ Ewing àti Starks ní eré. Àwọn tí wọ́n jà fún ọjọ́ 15 ní ọdún 1994 dúró lórí pèpéle kan náà. Bí ó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa àti ọmọ onílé níhìn-ín, kí wọ́n bára wọn dù ú tọkàntọkàn kí wọ́n sì jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ wa kò ní kábàámọ̀ pé a wá sí ìlú yìí.

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí orúkọ wa sọnù ní ìdálẹ̀. Kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ wa gùn tó ní ọjọ́ tí ó bá ku orí ìka.